A Ti Gbọ́, Bàbá Sójà

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, oṣù Kẹta ọdún 2021, mo dúró lórí kọ́fáàtì àdúgbò wa lọ́nà Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́. Ṣọ́bìrì méjì àti àdá mẹ́ta wà lẹ́sẹ̀ mi, fèrè tí mo fi ń pe àwọn ọmọ ogun jọ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ sì wà lọ́rùn mi. Mo fọn ọ́n. Ajá gbó. Àkùkọ kan kọ. Mo tún un fọn.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ni àwa onílé ṣe ìpàdé. Èmi ni alága tuntun, mi ò tíì lo oṣù méjì lórí àga. Mo dìde, mo nàró bí ẹni wà lórí pápá, mo ní ilé 84 ló wà nínú ìwé wa, kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan jáde láti ilé kọ̀ọ̀kan, ká kó pàǹtí tó dí ojú omi kúrò kí òjò tó dé. Omi tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ń lọ sínú odò Àlà ni, ẹni tó bá sì mọ Àkúrẹ́ mọ ohun tí Àlà lè ṣe bó bá kún. Mo bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Ohùn wọn ròkè lẹ́ẹ̀kan náà: "A ti gbọ́, Bàbá Sójà!" Mo lọ sílé, mo sùn fọnfọn.

Èèyàn méje ló wá. Méjì nínú wọn jẹ́ ọmọdé tí wọ́n rán wá sọ fún mi pé bàbá àwọn ò sí nílé. Ẹnì kan ń lọ sóko, ó kàn yà kí mi ni. Mẹ́ta ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ní àwọn ń lọ síbi òkú. Ẹnì keje ni àgbàlagbà káfíńtà kan tí etí rẹ̀ ti di. Òun ni mo bá nínú gọ́tà kí n tó fọn fèrè rárá, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ń wa ẹrẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé sójà gidi rèé. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e mo pè é síwájú, mo yìn ín lójú gbogbo wọn pé òun nìkan ló mọ ohun tó ń jẹ́ àṣẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí sí mi, ó padà lọ jókòó. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ṣì ń bọ̀.

Ọdún 35 ni mo fi wọ aṣọ ìjọba. Ohun tó gbé mi débẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, ọmọ ọdún 18 ni mí, wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ti ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ló wọlé gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, pé Adékúnlé Ajáṣin ti UPN ti fìdí rẹmi. Èéfín bo Àkúrẹ́. Èèyàn tó jọ ń ra ata lọ́wọ́ ara wọn lánàá ló ń tọ́ka sí ilé ara wọn pé ibí ni, ẹ sun ún. Nígbà tó yá ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajáṣin, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kì í jí òkú. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, mo wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́. Èrò ọmọdé ni: pé ẹni tó bá gbé ìbọn dání kò ní bẹ̀rù aládùúgbò mọ́. Ní 1984 mo ti wà ní Zaria, wọ́n ti fá orí mi.

Ẹ̀ka ìbọn ńlá ni wọ́n fi mí sí. Mo kọ́ ọ ní Kachia, mo sì padà kọ́ ẹlòmíì níbẹ̀. Mo wà ní Monrovia, ní Liberia, ní 1992 pẹ̀lú ECOMOG, ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó lọ pẹ̀tù sógun níbẹ̀. Mo wà ní agbègbè Maiduguri ní 2014, mo sì sin àwọn ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́. Ìyẹn tó báyìí. Kí n tó kúrò, mo jẹ RSM. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, RSM ni olórí gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọ́fíísà nínú ikọ̀ kan; bó bá wúkọ́ lórí pápá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn á gbé àyà sókè. Ní bárékè, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "Yẹs, sà." Bí sójà bá ti sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra kí ẹnu rẹ̀ tó pa dé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbéra, gáàdìrúùmù, àtìmọ́lé àwa sójà, wà fún un.

Ní 2019 mo fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n tó tú wa sílẹ̀, wọ́n kó wa lọ sí Oshodi láti lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, èmi yan ẹja sísìn. Mo délé, mo ra ọmọ ẹja àrọ̀ 500. Mo ń fún wọn lóúnjẹ ní aago méje àárọ̀ àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, láì yẹ ìṣẹ́jú kan, ebi ń pa wọ́n o, ebi ò pa wọ́n o. Oúnjẹ ṣẹ́kù, omi bà jẹ́, ẹja 37 ló kù. Ìyàwó mi wo inú adágún náà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹja ò mọ̀ pé RSM ni yín." Mo rò pé àwàdà ni.

Bí mo ṣe wá di alága, àwọn olè ló fi mí jẹ ẹ́. Wọ́n fọ́ ilé mẹ́rin láàárín oṣù kan ní ìparí 2020, àwọn onílé bá ní ta ló tún kù bí kò ṣe sójà. Kì í ṣe pé mo mọ àdúgbò. Yorùbá mi gan-an ti dàrú mọ́ Haúsá. Bí inú mi bá dùn, "yauwa" ló ń jáde lẹ́nu mi. Wọ́n nílò ẹni tí olè máa bẹ̀rù ni, èmi sì rò pé olórí ni wọ́n yàn.

Nígbà tí èèyàn méje jáde fún iṣẹ́ gọ́tà, mo ṣe ohun tí sójà máa ń ṣe bí àṣẹ kò bá ṣiṣẹ́: mo fi àṣẹ míì lé e lórí. Ẹni tí kò bá jáde, ₦2,000. Géètì àdúgbò, aago mẹ́wàá alẹ́ ni títì, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lápò mi. "A ti gbọ́, Bàbá Sójà."

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta tòmátò. Ó máa ń lọ pàdé ọkọ̀ tó ń kó ẹrù bọ̀ láti òkè Ọya. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà bà jẹ́ lọ́nà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan géètì. Mo wo aago: mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo mọ ohùn rẹ̀ o. Mo pa iná yàrá, mo yí ẹ̀gbẹ́ padà. Àṣẹ ni àṣẹ. Nígbà tí mo ṣí géètì ní aago márùn-ún, ó wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tòmátò rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí géètì, ó fi ìró bo orí nítorí ìrì. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Sójà. Ẹ kú iṣẹ́ ààbò." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan rù, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó wà nínú ìkíni yẹn. Wọ́n ti bú mi rí ní èdè mẹ́fà, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù yẹn, ẹnikẹ́ni kò san owó ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tó bá mi jà. Wọ́n ń kí mi dáadáa.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ ní Ọjà Ọba kí èmi tó sọ ọ́ fún un. Ó gbé iyán ka iwájú mi, ó jókòó, ó wò mí jẹun tán. Ó wá ní, "Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi Kachia?"

Mo rántí. Nígbà tí mo jẹ RSM, òun ni Màgájíyà, olórí àwọn ìyàwó sójà nínú bárékè. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, ilé tó yí i ká kò níye. Àwọn obìnrin ń fi garawa ṣẹ́ ara wọn lórí. Ìyàwó sájẹ́ǹtì kò ní dúró sẹ́yìn ìyàwó kọ́púrà. Tiv kò ní dúró fún Yorùbá, Yorùbá kò ní dúró fún Haúsá. Lọ́jọ́ kan ìjà yẹn tán. Mo sì gbà pé nítorí ipò mi ló ṣe tán.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wọ yàrá wọn lálẹ́," ìyàwó mi ló ń sọ̀rọ̀ yìí. "Tí mo bá dé yàrá kan mo jẹun níbẹ̀, n bá wọn gbé ọmọ. Kí n tó pe ìpàdé, ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀. Ìpàdé ni wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀, Bàbá Ìbejì, wọn kì í fi í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin ní aṣọ. Èmi ní ẹsẹ̀ ni."

Kò sí gáàdìrúùmù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè gba owó oṣù ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló ti ń ṣe ìjọba aráàlú nínú bárékè, èmi ò sì rí i. Ilé tí mo tìlẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò yìí gan-an, owó ìrẹsì àti ẹ̀wà tó tà ní màámì mákẹ́ẹ̀tì, ọjà inú bárékè, ló pọ̀ nínú bíríkì rẹ̀ ju owó oṣù mi lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ tèmi ti kọ́ mi ní ohun kan náà. Ìbọn ńlá kì í rí ibi tó ń yìn sí. Ẹ̀yìn òkè ni ó máa ń wà, ibi tí ọta ń lọ lè jìnnà ju kìlómítà mẹ́wàá lọ. Ẹnì kan ló máa ń wà níwájú, tó lúgọ, tó ń fi awò wo ọ̀ọ́kán, tó sì ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí rédíò. A máa yin ọta kan. Ọta kan péré. Kò sí ẹni tó retí pé kó bà á, ìbéèrè ni. Ẹni iwájú á ní ó kù mítà 200, ẹ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀. A ó yin òmíràn. Ó di ìgbà tó bá ní ó ti tó kí gbogbo ìbọn tó ké pọ̀. Èmi wá dé àdúgbò, mi ò ní ẹnikẹ́ni níwájú, mo yin gbogbo ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà ní ìpàdé àkọ́kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilé méjì. Ilé ìyá tòmátò ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Mo gbọ́ ohùn yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé mo gbọ́, torí òun rí i nígbà tí mo pa iná. Ó di tòmátò sínú ọ̀rá, ó ní kí n mú un lọ fún Màmá. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ géètì kan fún un. Nígbà tó yá, kọ́kọ́rọ́ di mẹ́sàn-án káàkiri àdúgbò, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ gba ọ̀kan, àwọn tó ń yan búrẹ́dì gba ọ̀kan.

Ilé kejìlá tàbí ìkẹtàlá ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ́fáàtì. Àwọn bàbá méjì kan ló ni ilẹ̀ tó wà lọ́tùn-ún lósì ojú omi náà. Wọ́n jọ ra ilẹ̀ yẹn ní 1979 ni, nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́. Ó di 1983. Ọ̀kan jẹ́ UPN, ọ̀kan jẹ́ NPN. Wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù ẹnì kejì nítòsí Ọjà Ọba, ó sì gbàgbọ́ títí dòní pé ọ̀rẹ́ òun ló júwe rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ògiri ọ̀kan nínú wọn wọ ojú omi, ó fún un lọ́rùn. Ẹni tó bá lọ wa ẹrẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà á sọ pé òun ni wọ́n wá bá jà. Ìdí nìyẹn tí ilé 84 fi sọ pé a ti gbọ́. Gbogbo wọn ló mọ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀, èmi tí mò ń fọn fèrè.

Mo lọ sílé ẹni tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti lé ní 80 ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ọdún 35 ni mo fi ń gbé ọwọ́ sí iwájú orí láti kí ọ̀gá. Mi ò rántí ìgbà tí àyà mi kan ilẹ̀ gbẹ̀yìn fún àgbà. Orúnkún mi dún bí ẹni ṣẹ́ igi. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó o! Sójà náà ń dọ̀bálẹ̀? Dìde, kó o má lọ kú sí mi lọ́rùn." Ẹ̀rín yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì, kò dárúkọ kọ́fáàtì rárá. Ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ, ọjà tó wà nínú rẹ̀, aṣọ àǹkárá báyìí, bí òórùn rẹ̀ ṣe rí bó ṣe ń jó.

Mo sọ fún un ohun tí mi ò sọ fún ìyàwó mi. Pé mo wà nígboro lọ́jọ́ yẹn. Pé mi ò dáná sun nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo sáré tẹ̀ lé èrò, mo dúró, mo wò. Ilé kan wà tí mo mọ onílé rẹ̀, tí mo lè sáré lọ sọ fún un kí wọ́n tó débẹ̀. Mi ò lọ.

Bàbá wò mí. Kò sọ pé kò burú, kò sì lé mi. Ó ní kí wọ́n gbé omi fún mi.

Mo lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì náà, mo tún dọ̀bálẹ̀, orúnkún tún dún. Ìbẹ̀wò mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta. Mi ò bá wọn parí ìjà o. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tí a rí ṣe ni pé ẹni tí ògiri rẹ̀ wọ ojú omi gbà kí a sún un sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, bí bíríkìlà bá jẹ́ ẹni tí kò sí nínú àdúgbò, bí ẹgbẹ́ bá sì tún ògiri náà mọ padà fún un. Ó ní, "Kì í ṣe nítorí rẹ̀. Nítorí omi ni." Ẹnì kejì fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n má sọ ibi tó ti wá. Gbogbo àdúgbò mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí mo wá pe ìpàdé, kò gbà wá ju ogún ìṣẹ́jú lọ, èèyàn 50 ó lé ló sì jáde ní Sátidé.

Inú mi dùn débi pé mi ò rí èyí tó ń bọ̀.

Owó tí a kó jọ jẹ́ ₦412,000. Èmi ni mo ra sìmẹ́ǹtì, èmi ni mo ra irin, èmi ni mo san owó bíríkìlà. Nígbà tí iṣẹ́ parí mo jíṣẹ́ fún ìpàdé pé owó ti tán, iṣẹ́ ti parí, ẹ ṣeun. Olùkọ́ kan dìde, obìnrin, ọmọ ọdún 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ayálégbé ni, kì í ṣe onílé pàápàá. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè rí àwọn rìsíìtì?"

Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni, pé ilé ta ló ń gbé, pé nígbà tí mò ń gbé ìbọn nílẹ̀ olókèèrè ṣé wọ́n ti bí i? Mo sọ ọ̀pọ̀ nǹkan. Ó dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì jókòó. Akọ̀wé ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo da gbogbo rìsíìtì sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣírò. ₦23,500 kò ní ìwé. Mi ò jí i. Mo fi ra oúnjẹ fún àwọn lébìrà, mo fi san ọkọ̀, mo fi ra epo fún ẹ̀rọ tó ń fa omi. Mi ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó. Nítorí ní iṣẹ́ ológun, ọta ìbọn kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbà, mo máa ń fọwọ́ sí i. Bí a bá yìn ín tán, a ó ṣa ìkarahun rẹ̀ padà, a ó kà á, bí ẹyọ kan bá sọnù kò sí ẹni tó máa sùn. Ṣé ẹ rí i pé mo mọ ìṣírò? Òkè nìkan ni mo ti ń jíṣẹ́ ìṣírò fún. Ọdún 35, kò sí ọjọ́ kan tí ẹni tó wà lábẹ́ mi béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo lẹ ṣe ná an. Bó bá béèrè, ọ̀daràn ni. Mo wá dé ibi tí gbogbo ẹni tó wà níwájú mi jẹ́ ọ̀gá mi, ayálégbé dé orí wọn, mi ò sì dá wọn mọ̀ torí wọn ò ní iràwọ̀ léjìká.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fúúsíkáàpù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ní ìsàlẹ̀ mo kọ ọ́ pé: ₦23,500, alága kò kọ ọ́ sílẹ̀, alága ti san án padà. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo ti yọ ọ́, ó sì dùn mí. Mo retí pé wọ́n á yìn mí. Bàbá kan tí kò wá sípàdé rí ló dá mi dúró lọ́nà, ó ní iye tí mo ra ìṣó ti wọ́n jù, pé òun mọ ibi tí mi ò bá ti rà á ní ẹ̀dínwó. Ó bínú gan-an. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé owó ẹgbẹ́ á máa wọlé, ó sì wọlé. Olùkọ́ yẹn, mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, ó sì ti di ẹni tó ń yẹ ìwé wa wò. Kì í rẹ́rìn-ín bó bá ń kà á.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé sójà ló yẹ kó padà wá ṣèjọba, pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kíákíá, mo máa ń dákẹ́ ni. Mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 3 oṣù Kejì ọdún 1976, gómìnà ológun la sì kọ́kọ́ ní. Ọbásanjọ́ padà wá pẹ̀lú ìbò ní 1999, Buhari ní 2015. Iṣẹ́ ìyẹn tóbi ju ẹnu mi lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé sójà tó bá ń ṣèjọba tìbọntìbọn kò lè kọ́ ohun tí olùkọ́ yẹn kọ́ mi, nítorí kò sẹ́ni tó máa dìde.

Ní 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ìjọ Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀, èèyàn bí 40 kú. Ọ̀wọ̀ ò jìnnà sí wa. Àwọn kan ládùúgbò wa ní ẹbí níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ilé mi kún. Wọ́n ní ká dá owó, ká ra ìbọn fún àwọn ọ̀dọ́, kí èmi kọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n yàn mí nítorí ìbọn ti wá gba ohun tí wọ́n yàn mí fún.

Mo kọ̀. Mo ní mo ti rí i ní Monrovia, ọmọ tí ìbọn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ, tó dúró ní ìkóríta, tó ń pinnu ẹni tó máa kọjá. Aládùúgbò rẹ̀ ló ń pinnu fún. Mo ní àwa tí a ò tíì lè parí ọ̀rọ̀ ògiri láti 1983, ẹ fẹ́ kí a ní ìbọn mẹ́wàá láàárín wa? Wọ́n bínú. Ẹnì kan ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ń bà mí. A wá mú nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn àti ti àgọ́ ọlọ́pàá, a lẹ̀ wọ́n mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn, a fi kún owó àwọn ọdẹ alẹ́, gbogbo ilé ra fèrè. Fèrè 84. Bí ẹnì kan bá fọn tirẹ̀, kí gbogbo ilé fọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, mo dúró lójú títì lóru, ariwo náà sì gba àdúgbò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rántí èmi àti àkùkọ yẹn.

Ọdún méjì ni sáà wa. Nígbà tó parí ní 2023, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ti wá bá mi pé kí n wá du ipò káńsẹ́lọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi. Ìyàwó mi ni mo dá lábàá fún wọn, ó sì lé gbogbo wa jáde kúrò ní ilé ìdáná.

Sátidé kan lẹ́yìn tí mo gbé àga sílẹ̀, mi ò rí oorun sùn, mo jáde ní aago mẹ́fà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Káfíńtà wa ti wà nínú gọ́tà. Kò sí iṣẹ́ àdúgbò lọ́jọ́ náà. Mo sún mọ́ ọn, mo fi ẹnu sí i létí, mo pariwo béèrè pé láti ìgbà wo ló ti ń ṣe èyí.

Ó ní láti 2004. Omi wọ yàrá tí ìyàwó òun dùbúlẹ̀ àìsàn sí lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ni kò lè dìde. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé.

Mo ní, ọjọ́ tí mo fọn fèrè ńkọ́?

"Fèrè wo?"

Mo ní, ọjọ́ tí mo pè yín síwájú ní ìpàdé, tí mo yìn yín?

Ó ronú. Ó ní òun rí i tí ẹnu mi ń lọ, òun rò pé mò ń kí òun ni, òun sì kí mi padà.

Ó na ṣọ́bìrì kejì sí mi. Ó ní kí n bọ́ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún kí n bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi kò ní rí ibi gbà, ó máa kó ẹrẹ̀ rẹ̀ padà bá a ni. Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, mo rántí pé kò ní gbọ́, mo sì ká ṣòkòtò mi sókè.